Ẹ̀rọ tó Ní Ojú tí Kò Ní Etí

Ọjọ́ tí mo ti ojú ogun dé, mi ò tíì sọ àpò mi kalẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi bi mí ní ìbéèrè kan. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa lẹ́yìn Ikpinlè, igbá omi wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Ọlọ́kọ̀ zẹ́mi tó gbé mi láti Adja-Ouèrè ṣì ń yí alùpùpù rẹ̀ padà lójú ọ̀nà. Ìyá mi ti ń sáré bọ̀ láti ìdí ìkòkò epo, ọwọ́ wọn pupa dé ìgúnpá, ṣùgbọ́n Bàbá Ọdẹ na ọ̀pá sí wọn pé kí wọ́n dúró ná.

Wọ́n ní, "Káàbọ̀. Ṣé ọwọ́ rẹ mọ́?"

Gbogbo ẹni tó bá ń ti ogun bọ̀ ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀ nílé wa. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ògún sì ni ilé wa ń bọ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè rántí. Ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ọ̀tá, kò gbọdọ̀ bá ará ilé jẹun nínú àwo kan náà títí wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ìyà, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń fọ ẹsẹ̀ kí a tó wọ yàrá ni.

Mo wo ọwọ́ mi. Mo ní, "Ó mọ́, Bàbá."

Wọ́n da omi inú igbá náà síta, wọ́n sì yẹ̀ fún mi. Ìyá mi dì mọ́ mi, epo kun gbogbo àyà ẹ̀wù mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. A jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àgbà àti èwe, ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja, gbogbo wa yí àwo ká. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ìbéèrè tí wọ́n bi mí ṣì wà nílẹ̀.

Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ ni.

Kí n tó di ọmọ ogun, rédíò àti fóònù ni mo ń tún ṣe lábẹ́ páànù kan ní ọjà Adja-Ouèrè. Bàbá mi kú, mo rí i pé iṣẹ́ abẹ́ páànù kò lè gbé ilé dúró, mo bá lọ tò pẹ̀lú àwọn tó ń wọṣẹ́ ológun. Nígbà tí wọ́n rí i pé mo mọ̀ nípa wáyà, ẹ̀ka rédíò ni wọ́n fi mí sí. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, wọ́n kó àpótí ńlá ńlá kan dé bárékè wa, òyìnbó kan sì bá wọn wá láti kọ́ wa.

Ohun tó wà nínú àpótí yẹn ga tó ìbàdí mi, ó gùn tó ibùsùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin tó yí po bíi ti katakata tó ń la ọ̀nà. Ìbọn arọ̀jò-ọta kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú méjì ló ní níwájú, ìyẹn ni ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán. Kò sí ibi tí ènìyàn lè jókòó sí nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó ń wà á kì í sí nítòsí rẹ̀. Inú ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ẹni náà máa ń wà, ó lè jìnnà tó ìrìn wákàtí kan, ojú tẹlifíṣọ̀n kan wà níwájú rẹ̀, àpótí kékeré tó ní ọ̀pá méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti ọ̀pá síwájú, ẹ̀rọ náà á lọ síwájú. Bó bá tẹ bọ́tìnnì pupa tó wà lábẹ́ ìdérí, ìbọn á dún.

Ọwọ́ mi fúyẹ́ nítorí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ti ń jó pọ̀ láti kékeré. Èmi ni ọ̀gá wa yàn.

Wọ́n kó wa lọ sí òkè réré, ní ẹ̀bá ẹnubodè, níbi tí àwọn kan ti ń kọjá wá ri bọ́ǹbù mọ́ ojú ọ̀nà. Àwa méjì la máa ń wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù náà. Èmi ń wa ẹ̀rọ. Ọmọ Bàrìbá kan, tí wọ́n bí sí agbègbè yẹn, ń tọ́jú bàtìrì àti ọ̀pá tó ń gba àwòrán láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Kò gbọ́ Yorùbá, mi ò gbọ́ èdè tirẹ̀, Faransé la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ìwọ̀nba tó bá yẹ. Lọ́pọ̀ ọjọ́, ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kò ju pé ó ń ṣáájú ọkọ̀ wa lọ, ó ń wo ibi tí wọ́n bá ti gbẹ́ ilẹ̀. Ó rí bọ́ǹbù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn kan wà tó padà sọ́dọ̀ ìyá wọn nítorí ẹ̀rọ náà, mi ò sì ní sẹ́ ìyẹn láé.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun tó ń fi ẹsẹ̀ rìn kì í kà wá mọ́ ara wọn. Wọ́n á ti inú igbó dé, ẹsẹ̀ wọn á ti bó, òùngbẹ á ti gbẹ ẹnu wọn. Àwa á sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ tó ní fáànù. "Ọmọ tẹlifíṣọ̀n," ni wọ́n ń pè mí. Wọn ò sọ ọ́ tìkàtìkà. Síbẹ̀, bí oúnjẹ bá délẹ̀, ibì kan ni wọ́n ń jókòó sí, ibòmíràn lèmi ń jókòó sí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ìròyìn dé pé àwọn kan wà ní etí odò tó ti gbẹ. Ọ̀gá wa dúró lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀, mo wa ẹ̀rọ náà gba abẹ́ àwọn igi òrí kọjá. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo nǹkan, àfi bí ẹni pé ènìyàn ń wo ayé láti inú èéfín. Lójijì mo rí alùpùpù kan, mo sì rí ọkùnrin mẹ́ta pẹ̀lú ìbọn. Àwọn náà rí ẹ̀rọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn sí i. Àwa ò gbọ́ nǹkan kan, ara wa ò mì. Àwòrán tó wà níwájú mi ló kàn ń gbọ̀n.

"Yìn," ni ọ̀gá wí.

Mo ṣí ìdérí, mo tẹ bọ́tìnnì.

Méjì fò sórí alùpùpù, wọ́n sá lọ. Ẹnì kẹta kò ṣubú. Ó jókòó ni, ó fẹ̀yìn ti igi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti oko dé tó rẹ̀.

Ọ̀gá ní kí n sún mọ́ ọn, kí n wò ó bóyá ìbọn rẹ̀ wà nítòsí. Mo wa ẹ̀rọ náà títí ó fi ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ìbọn ti fò lọ sí ẹ̀yìn gbòǹgbò igi, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó o mọ́. Ikùn ni ọta ti bà á.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí dókítà wa lọ."

"Ta ló máa lọ síbẹ̀? Ó lè di bọ́ǹbù mọ́ra. Ilẹ̀ ibẹ̀ náà lè ní. Jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró tì í títí àwọn tó ń tú bọ́ǹbù á fi dé."

Ọ̀gá wa kì í ṣe ìkà ènìyàn. Kò tíì pẹ́ tí a sin ẹnì méjì nínú wa tó lọ ran ẹni tó gbọgbẹ́ lọ́wọ́ ní irú ibẹ̀. Ó jáde lọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ku èmi àti àwòrán náà.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà gbé orí sókè, ó wo ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀rọ gan-an ló ń wò, nítorí náà, èmi ló ń wò. Ó dàgbà jù mí lọ, ewú ti yọ nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Kò pariwo. Mo mọ̀ pé kò pariwo nítorí ọrùn rẹ̀ kò le. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjì. Ètè rẹ̀ ń lọ, ó ń dúró, ó tún ń lọ. Ẹ̀rọ náà ní ojú, kò ní etí. Àwọn tó ṣe é kò rò ó pé ẹnikẹ́ni á ní ohun kan láti sọ fún un. Mo fi etí mi lé ojú tẹlifíṣọ̀n náà. Òmùgọ̀ ni mo jẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Ariwo fáànù ni mo gbọ́.

Mo pe ọmọ Bàrìbá. "Wò ó fún mi. Kí ló ń sọ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ètè ọkùnrin náà títí. "Ó lè jẹ́ Fúlàní. Ó lè jẹ́ Haúsá. Mi ò mọ̀." Ó nàró, ó gbé bàtìrì kan tí kò yẹ kó gbé nígbà yẹn, ó sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀.

Ọkùnrin náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú. Mo rò pé omi ló ń tọrọ. Ike omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan mi, mo sì ti gbé e kí n tó rántí ibi tí mo wà. Mo gbé e kalẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo bá yí ojú ẹ̀rọ náà sílẹ̀, mo yí i sókè, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń mi orí, kó lè mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ó dákẹ́. Ó la ojú rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kíákíá lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, orí tí mo mi yẹn ló ń dùn mí jù. Mo jẹ́ kó rò pé mo ń gbọ́.

Oòrùn kúrò ní ẹ̀gbẹ́ igi kan dé èkejì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dín kù, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ṣì ń lọ sókè sódò. Ọ̀gá wọlé, ó wo iná bàtìrì.

"Ó ń tán lọ. Dá a padà."

"Ọ̀gá, ó ṣì ń mí."

"Mo ní kí o dá a padà. Bó bá kú síbẹ̀, wọ́n á gbé e."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló ń sọ, kì í ṣe ti ọkùnrin náà. Mo yí i padà. Bó ti ń yí, ọkùnrin náà ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, díẹ̀díẹ̀, èjìká rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì nà, títí ó fi ku igi àti eruku. Mi ò mọ ìgbà tó kú. Nígbà tí àwọn tó ń tú bọ́ǹbù débẹ̀ lọ́sàn-án, ó ti tutù. Kò sí bọ́ǹbù kankan lára rẹ̀. Wọ́n sin ín, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ bí ẹni tó jẹ́ tiwọn. Ọ̀kan gbá mi léjìká. "Ẹ̀rọ yín ṣiṣẹ́ lónìí!" Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ ọjọ́ yẹn náà nìyẹn: ẹ̀rọ ló dá ẹnì kan dúró. Wọn ò kọ mí síbẹ̀.

Ohun tí mo gbé wálé nìyẹn nígbà tí àsìkò iṣẹ́ mi pé. Ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí mo fi wo ọwọ́ mi tí mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo padà sí oko bàbá mi, lọ́nà Tatonnonkon, àgbàdo àti gbágùúdá. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ọ̀dọ́ tó wà nídìí zẹ́mi á pè mí kí n wá sọ ìtàn. Mo sọ fún wọn nígbà kan bí ẹ̀rọ náà ṣe rí. Ọ̀kan nínú wọn la ẹnu, ó ní, "Áà! Bíi géèmù orí fóònù nìyẹn! Ẹ jókòó, ẹ ń pa wọ́n, ọta ò lè bà yín!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà ni mò ń gbà.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí kò ṣeé ṣàlàyé. Ní ọjọ́ ọjà Ikpinlè kan, mo gbé gbágùúdá lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọ̀. Ẹ̀rọ ń pariwo, obìnrin kan sì dúró ní òdìkejì rẹ̀, ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń rí ètè rẹ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó na ọwọ́ sí mi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló nà, bóyá abọ́ mi ló fẹ́ yá. Mo fi gbágùúdá sílẹ̀, mo rìn lọ, mi ò wẹ̀yìn títí mo fi dé oko.

Mi ò lè jẹun mọ́ níwájú àwọn ará ilé. Bí wọ́n bá yí àwo ká, mo máa ń rí ọwọ́ tèmi láàárín ọwọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, màá sì fà á sẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé mo ti jẹun lóko. Ìyá mi ń bù tèmi sọ́tọ̀, mo ń gbé e lọ sẹ́yìn ilé.

Ìyá mi bi mí lọ́jọ́ kan, "Ta ló ṣẹ̀ ọ́ nínú ilé yìí?"

"Kò sí, Ìyá mi."

"Àbí ọbẹ̀ mi ni kò dùn mọ́?"

"Ọbẹ̀ yín dùn."

Wọ́n rò pé aya ni mo fẹ́. Wọ́n lọ bá ọ̀rẹ́ wọn kan ní Adja-Ouèrè tó ní ọmọbìnrin tó ń ránṣọ, ọmọ dáadáa. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Wọn ò bá mi jà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dùn wọ́n, torí pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi kọrin nídìí epo.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, mi ò lè gbé e mọ́. Mo lọ bá Bàbá Ọdẹ nínú oko ọ̀pẹ wọn, níbi tí wọ́n ti ń ro ìdí igi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde.

"Bàbá, ọjọ́ tí ẹ bi mí ní ìbéèrè, mi ò dá yín lóhùn dáadáa."

Wọn ò dáwọ́ dúró. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í kọ́kọ́ wò ó. Mò ń retí rẹ ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ tó ti gbẹ, wọ́n ń gbọ́, wọn ò já mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Báwo ni ó ṣe jìnnà tó, ìwọ àti òun?"

"Bí láti ibí dé ọjà, Bàbá."

"Èmi náà, ìbọn mi kì í fara kan ẹran. Ọ̀nà tìrẹ ló gùn jù. Ìka ta ló wà níbẹ̀?"

"Ìka mi ni."

"Ta ló sì jókòó tì í?"

"Èmi ni."

"Ó tán. Ẹ̀rọ ò ní ìyá, a ò lè wẹ ẹ̀rọ. Ìwọ la ó wẹ̀."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìn agbẹ̀dẹ àtijọ́, níbi tí àwọn irin Ògún wà. Àwa méjì péré ni. Wọ́n pa àkùkọ, wọ́n ta ọtí sódàbì sílẹ̀, wọ́n sì fi omi tí wọ́n fún ewé sí wẹ ọwọ́ mi láti èékánná dé ìgúnpá. Ọwọ́ wọn le bí èèpo igi, ṣùgbọ́n wọ́n rọra ń wẹ̀ mí. Mi ò rántí ìgbà tí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ohun tí wọ́n ń bi gbogbo ẹni tí wọ́n bá wẹ̀ níbẹ̀.

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Kí ló sọ kẹ́yìn? Fi ẹnu rẹ sọ ọ́, kó lè kúrò lọ́rùn rẹ."

"Mi ò gbọ́ ọ."

"O ní o jókòó tì í."

"Mo rí i nìkan ni, Bàbá."

Omi ń kán láti ọwọ́ mi. Àwọn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí ọ̀pẹ. Bàbá Ọdẹ wo irin, wọ́n wò mí.

"Irú èyí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rí," ni wọ́n wí níkẹyìn. Wọ́n tún ronú. "Bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń ṣe, ṣé o rántí?"

"Mi ò lè gbàgbé."

"Ṣe é."

Mo ṣe é. Mo gbé ètè mi bí ètè rẹ̀ ṣe lọ, mo dúró níbi tó ti dúró, mo tún tẹ̀ síwájú, láìsí ohùn. Bàbá Ọdẹ fojú sí ẹnu mi, wọn ò ṣẹ́jú. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ibi tó ti ń yára sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí mo ti mi orí, ni mo dé tí ẹkún gbé mi.

Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán. Wọ́n da ìyókù sódàbì sílẹ̀, wọ́n ní, "Mo ti ṣe èyí tí mo mọ̀. Èyí tó kù, mi ò mọ ẹni tó lè ṣe é."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti àwo pẹ̀lú àwọn ará ilé. Ìyá mi fi orí àkùkọ náà síwájú mi, wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán. Oorun mi dára díẹ̀ láti ìgbà náà. Mo lè lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìta ni mo máa ń dúró sí.

Ọmọ Bàrìbá pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó ní ọ̀gá wa ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń wa ẹ̀rọ. Mo ní mi ò lè wá. Ó ní ó yé òun, a sì ń gbọ́ èémí ara wa fún ìgbà díẹ̀ kó tó pa fóònù. Kò pè mọ́.

Bàbá Ọdẹ kú ní àsìkò òjò tó kọjá. Àwọn nìkan ló rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Nígbà tí a sin wọ́n tán tí àlejò ti tú ká, mo rìn lọ sí oko ọ̀pẹ wọn, mo ro ìdí igi títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Mo ti padà sí abẹ́ páànù mi ní Adja-Ouèrè báyìí, fóònù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ni mò ń tún ṣe. Àwọn oníbàárà máa ń sọ láàárín ara wọn pé iṣẹ́ mi dára, àmọ́ pé mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ń bá mi sọ̀rọ̀, mo máa ń pa irin tí mo fi ń jó wáyà, mo máa ń gbé ohun tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀, mi ò sì ní mi orí àfi tí mo bá gbọ́.